Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ̀ Láti Sùn Nínú Ilé Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì mí lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sọ ní ìdúró. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá àti bàbá mi, ti kọ́ ilé rẹ̀ tán. Wọ́n ti kan páànù orí rẹ̀, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n sì ti gbá inú rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, abẹ́ àtíbàbà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, nítorí pé èmi ni wọ́n ń dúró dè. Ó ránṣẹ́ sí mi pé àfi kí n wá sùn níbẹ̀ kí òun tó wọlé. Èmi tí ó sọ di aláìnílé ni ó ń bẹ̀ pé kí n wá fi ara mi súre fún ilé tirẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ìdí rẹ̀ tí mo fi mú kálàmù nìyí.

Opó ni mí, ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ẹja ni mo ń yan tí mo ń tà. N kò jókòó nínú kíláàsì rí. Inú Bíbélì àti ìwé orin ìjọ ni mo ti kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, ara páálí ọṣẹ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́, títí àwọn olùkọ́ tí ìjọba gbé wá sí etí omi wa fi ń bi mí pé ilé-ìwé wo ni mo lọ. Èdè Ìlàjẹ ni a fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ óò bá pàdé níhìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá tí gbogbo wa jọ gbọ́, mo sì ń fi àmì sí i bí ó ti yẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbínú ni ó bá mi kọ ọ́.

Ní agboolé bàbá mi, àṣà kan wà tí n kò tíì gbọ́ pé ó wà ní ibòmíràn. Bí ọmọ ilé bá kọ́ ilé tán, kì í ṣe òun ni ó máa kọ́kọ́ sùn níbẹ̀. Ẹni tí ó jù ú lọ nínú ẹbí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kan náà wà lára wọn, ni yóò kọ́kọ́ sùn lórí pákó lásán láìtẹ́ ẹní. Bí àgbà bá ti tán nílẹ̀, ẹni tí ó kù nínú ọmọ bàbá náà ni yóò ṣe é. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì wí fún àwọn tí ó dúró nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ pé, “Ilé náà gbà mí.” Ìgbà náà ni onílé yóò tó kó ẹrù rẹ̀ gòkè. Orí omi ni ilé wa ń dúró, lórí òpó tí a ri mọ́ inú ẹrẹ̀. Bàbá mi a máa sọ pé etí ẹni tí ó bá sùn lórí pákó lásán yóò gbọ́ òpó tí kò dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tí sísùn náà túmọ̀ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó túmọ̀ sí pé àgbà náà ń wí pé bí ewu kan bá wà nínú ilé tí àbúrò mi kọ́, èmi ni kí ewu náà kọ́kọ́ bá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí ọkọ mi kú ní Òde Ugbò, àwọn ẹbí rẹ̀ kò lé mi jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo yàrá tí mo wà bí ẹni tí ń wo ìjókòó nínú ọkọ̀ tí ó ti kún. Mo kó ẹrù mi padà sí abúlé bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti di olórí ẹbí wa, gbà mí sínú yàrá tí ó ń kó àwọ̀n sí. Ìyàwó rẹ̀ kò ṣe mí ní ibi kankan. Níbẹ̀ ni mo ti yan ẹja, tí mo sì ń gbé e lọ sí ọjà Igbókòdá, títí mo fi ní ohun tí ó tó láti kọ́ ilé. Ilé tí mo fẹ́ ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì jọ ti ẹlòmíràn. Mo fẹ́ kí ibi tí mo ti ń yan ẹja dá dúró lórí òpó tirẹ̀, níhà ibi tí atẹ́gùn òkun kò ti ní gbé èéfín wọ yàrá, kí afárá pákó kékeré sì so ó pọ̀ mọ́ ilé. Mo fẹ́ fèrèsé kan tí ó fẹ̀, kí n lè jókòó kọ̀wé níwájú rẹ̀, kí n sì máa rí àwọn ọkọ̀ apẹja bí wọ́n ti ń ti òkun bọ̀. Mo fẹ́ àtẹ̀gùn tí ó ní ìdìmú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nítorí orúnkún mi, kí n lè máa sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ láìjẹ́ pé mo pe ẹnikẹ́ni. Mo ya gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà.

Ó gbà mí ní àkókò kí n tó lè gbé àwòrán náà tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Obìnrin tí ó ti lọ sí ilé ọkọ kì í sábà padà wá béèrè ibi ìkọ́lé lọ́wọ́ olórí ẹbí. Ibi kékeré kan lẹ́yìn ilé ìjọsìn ni mo ní lọ́kàn, ibi tí ẹnikẹ́ni kò dù. Ó ń tún àwọ̀n ṣe lọ́jọ́ náà. Ó gba kàlẹ́ńdà náà, ó yí i sí òkè, ó yí i sí ìsàlẹ̀.

“Ta ni ó ni ilé yìí? Gómìnà?”

“Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Àtẹ̀gùn ọlọ́wọ́ méjì! Ṣé ọba ni yóò máa wá ra ẹja lọ́wọ́ rẹ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwòrán náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, “Kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má lọ fi irú ilé yìí pamọ́ sí ẹ̀yìn ìjọ. Ibi tí odò ti yípo ni kí o kọ́ ọ sí, níbi tí bàbá wa ti ń so ọkọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an, má yẹ̀ ẹ́.”

Ibẹ̀ ni ó dára jù nínú gbogbo ilẹ̀ wa. Gbogbo ọkọ̀ tí ó bá ń kọjá ni yóò rí i. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì sunkún ayọ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Títí di òní ni ojú ń tì mí fún ẹkún yẹn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé ní ọ̀dọ̀ wa, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé omi ni ọ̀gá iṣẹ́. Ìgbà tí omi bá fà ni a lè ri òpó mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti kún, àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó sínú ọkọ̀, wọn á sì máa jẹ oúnjẹ rẹ. Igi ẹ̀gbà tí a gé nínú igbó àbàtà ni mo fi ṣe òpó, nítorí pé omi iyọ̀ kì í tètè jẹ ẹ́. Pákó tí mo rà ní Igbókòdá dé ní tútù. Bí ó ti ń gbẹ ni ó ń tẹ̀, tí a fi ní láti tú ilẹ̀ yàrá kan kí a sì tún un kàn. Káfíńtà mi, tí a ń pè ní Ọ̀gá Fẹ́mi, mọ iṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bá ẹlòmíràn kọ́lé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń búra fún oníkálukú pé tirẹ̀ nìkan ni òun dojú kọ. Ó kọ́kọ́ ṣe fèrèsé mi ní kékeré, mo sì ní kí ó tú u.

“Ìyá Títí, ṣé ẹja ni yóò máa gba ibẹ̀ wọlé ni?” ni ó bi mí.

Mo ní, “Ojú mi ni yóò máa gba ibẹ̀ jáde.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tú u. Gbogbo ìṣòro wọ̀nyí ni mo ti retí, n kò sì ka ìkankan sí ìyà. Ohun tí n kò retí ni inú rere ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, tí ó sì gbàdúrà lé e lórí. Kò sí òwúrọ̀ tí kì í fi ọkọ̀ rẹ̀ yà lọ́dọ̀ wa. Mo fẹ́ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ibi ìyanja. Ó ní rárá, páànù ni kí n fi bò ó. Mo fẹ́ fèrèsé onípákó. Ó ní kí n fi gíláàsì sí i. Ó ní kí n kan àjà sí gbogbo yàrá, kí n jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ilé ká, kí n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Bí mo bá ní kí a sinmi díẹ̀ títí ọjà yóò fi dára, ó ní kí n má sinmi, kí n ṣe é tán kí òjò tó dé. Kódà, ó ya mí ní ohun tí mo fi ra gíláàsì. Ọ̀gá Fẹ́mi a máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà. Ó ní, “Ìyá Títí, ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ràn ilé yìí ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn sí lọ.” Mo ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ. Mo ní kí wọ́n wá wo ọmọ ìyá ẹni.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ti wà káàkiri omi wa. Iná wọn ń jó lójú òkun tọ̀sán-tòru, ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì wọn ń sáré kọjá, ìgbì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń bu ilẹ̀ wa jẹ. Ọ̀rọ̀ pé wọn yóò gbẹ́ ọ̀nà omi tuntun kọjá lẹ́bàá abúlé wa ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí yóò gbà. Àwọn olórí ẹbí nìkan ni wọ́n ń pè sí ìpàdé. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè nígbà kan. Ó ní, “Ìyẹn jìnnà sí wa,” mo sì gbà á gbọ́, nítorí pé òun ni.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ti là mí lójú. Bí wọ́n ti ń kan páànù, mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbọ́n mi ti fa èèkàn tí ó ń so ọkọ̀ mọ́ yọ kúrò ní ibi tí odò ti yípo. Ibẹ̀ ni òun àti bàbá wa ti ń so ọkọ̀ láti ìgbà tí a ti dáyé. Ó sì kó àwọn ìgèrè tí ó fi ń dẹ ẹja níbẹ̀ lọ sí odò mìíràn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹrẹ̀ ibẹ̀ ti bàjẹ́, èèkàn kò dúró mọ́. Òpó ilé mi sì wà nínú ẹrẹ̀ kan náà! Ọmọ apẹja ni mí, mo mọ̀ pé ọkùnrin kì í fa èèkàn ọkọ̀ rẹ̀ yọ níbi tí ó bá fẹ́ padà sí. Ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun ti gba ojú mi.

Nígbà tí ilé parí, mo se oúnjẹ, mo gbá pákó mọ́, mo sì lọ pe ẹ̀gbọ́n mi kí ó wá sùn. Ó ní ẹ̀yìn ń dùn òun, pákó lásán yóò ṣe òun ní jàǹbá. Mo dúró kí ẹ̀yìn rẹ̀ sàn. Mo tún lọ pè é, ó ní ìjọ ní àdúrà. Mo tún lọ pè é, ìyàwó rẹ̀ ni ó jáde sí mi. Kò wo ojú mi. Ó ní ọkọ òun ti lọ dẹ ìgèrè. Níkẹyìn, mo pàdé rẹ̀ lójú omi, ọkọ̀ mi kan ọkọ̀ rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?”

Ó ní, “O kò ṣẹ̀ mí. Ìwọ náà ti dàgbà. Àwọn nǹkan àtijọ́ wọ̀nyí, ta ni ó ń ṣe é mọ́? Lọ sùn sí ilé rẹ.” Ó sì ti ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lára tèmi pẹ̀lú àjẹ̀. Ọkùnrin tí ó sùn nínú gbogbo ilé tí wọ́n kọ́ ní agboolé wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ ẹní mi, mo sì sùn sí ilé mi fúnra mi. Kò sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ láti gbọ́ pé ilé náà gbà mí nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Mo gbádùn ilé náà. N kò ní parọ́. Èéfín kò wọ yàrá mi rí. Mo ń kọ lẹ́tà fún àwọn ará abúlé níwájú fèrèsé mi, mo ń rí àwọn ọkọ̀ bí wọ́n ti ń bọ̀, mo sì ń mọ ẹni tí ó rí ẹja pa kí ó tó dé èbúté. Òjò kan péré ni ó rọ̀ lé ilé náà tán tí ọkọ̀ àwọn awọnlẹ̀ ilé-iṣẹ́ epo fi dé sí ìdí àtẹ̀gùn mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn, ọmọ òkè tí ó ní ọ̀wọ̀ púpọ̀, kí mi dáadáa.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ilé. A ti ń gbọ́ nípa ilé yìí kí a tó rí i.”

Mo ní, “Lẹ́nu ta ni?”

“Lẹ́nu Bàbá, olórí ẹbí yín. Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí tí ó mú wa rin ojú ọ̀nà omi yìí, koríko nìkan ni ó wà níhìn-ín. Ọ̀gá wa sọ fún un pé koríko kò ní owó gbà-má-bínú kankan tí ó níláárí. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a lọ, kí a sì padà wá, pé a óò bá ilé níbẹ̀.” Lẹ́yìn náà, ó wo ojú mi, ẹ̀rín sì kúrò ní ẹnu rẹ̀. “Màmá, ṣé wọn kò sọ fún yín ni?”

Ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. Òjò tí ó tẹ̀lé ẹ̀ẹ̀rùn náà ni mo gbé kàlẹ́ńdà mi tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó ti mọ̀ pé ọ̀nà omi tuntun yóò gba ibẹ̀ kí n tó la ẹnu. Gíláàsì, àjà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dà funfun: gbogbo ohun tí mo pè ní ìfẹ́, ṣe ni ó ń fi kún iye tí wọn yóò san nígbà tí wọ́n bá wó o. Ilé tí mo kọ́ fún ọjọ́ ogbó mi, ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ọ fún wíwó.

Mo wa ọkọ̀ lọ bá a. Ó ń tún àwọ̀n ṣe níbi tí ó jókòó sí lọ́jọ́ kìíní. Bí ó ti rí mi, ó mọ̀.

Ó ní, “Jókòó.”

Mo ní n kò jókòó. Mo ní, “Ẹ sọ fún mi pé irọ́ ni.”

“Kì í ṣe irọ́. Bí o kọ́, bí o kò kọ́, ilẹ̀ yẹn ń lọ. Ta ni yóò dá ilé-iṣẹ́ epo dúró, èmi? Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kan àtíbàbà kan síbẹ̀. Ìwọ ni o gbé àwòrán wá.”

“Ẹ̀yìn ìjọ ni mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ sí.”

Ó fa okùn àwọ̀n títí ó fi já. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, “Mo ṣáà kọ̀ láti sùn níbẹ̀. N kò tàn ọ́ dé ibẹ̀ yẹn. Ìwọ ni o kò bi mí léèrè dáadáa.” Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo ẹnu. Ó ti mọ̀, òun náà.

Ṣé ẹ rí ohun tí ó sọ? Ó lè gba ilé mi, ṣùgbọ́n kò lè fi àṣà bàbá wa parọ́. Kíkọ̀ tí ó kọ̀ yẹn ni ó fi wẹ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ó ṣe é tán, ó sì rò pé òun ti kìlọ̀ fún mi.

Orúkọ olórí ẹbí ni ilé-iṣẹ́ náà mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo owó náà sì bọ́ sí. N kò ní jókòó máa ka ohun tí ó fún mi. Kò tó ra páànù. Ọ̀gá Fẹ́mi wá fúnra rẹ̀, láìgba ohunkóhun, ó ń fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì bá mi ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ mú. Mo ní kí ó kó férémù fèrèsé mi fún mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí ń wa ẹrẹ̀ dé, ó sì jẹ ibẹ̀ bí ẹni tí ń jẹ ẹ̀bà. Lónìí, ọkọ̀ ńlá ń gba ibi tí mo ti ń sùn kọjá.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi Títí ni mo wà báyìí ní Igbókòdá, nínú yàrá kan tí ó háyà. Férémù fèrèsé náà fara ti ògiri, ògiri ni a sì ń wò láti inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ilé sí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí níhà Mahíntẹ̀dó. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ó rán ìyàwó rẹ̀ sí mi. Obìnrin náà jókòó, kò sì mu omi tí mo gbé fún un.

Ó ní, “Ìyá Títí, ó ti ṣe tán. Ó kọ̀, kò wọlé. Òjò ń pa wá lábẹ́ àtíbàbà, ẹ̀yìn tí ó fi tàn yín nígbà yẹn ti wá ń dùn ún ní tòótọ́. Mo ní kí a wọlé kí a máa sùn, ó ní láéláé. Ó ní ẹ̀yin nìkan ni ó kù nínú ọmọ bàbá òun, àti pé láti ẹnu yín ni òun ti fẹ́ gbọ́ pé ilé náà gbà yín.”

Mo bi í pé báwo ni ilé náà ṣe rí. Ó wolẹ̀. Ó ní ó ní fèrèsé kan tí ó fẹ̀, tí ó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀. Ó ní àtẹ̀gùn rẹ̀ ní ìdìmú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ní, “Ó ní nítorí orúnkún yín ni.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Títí ní kí n má lọ, pé kí òjò lù ú títí yóò fi rántí ohun tí ó ṣe. Àlùfáà ìjọ wa ní kí n dárí jì í, ṣùgbọ́n n kò rò pé ọ̀rọ̀ ìdáríjì nìkan ni èyí. Bí mo bá sùn níbẹ̀, mo ní láti jáde ní òwúrọ̀ kí n sì sọ pé ilé náà gbà mí, níwájú gbogbo ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ọ̀rọ̀ yẹn parọ́ fún mi. Ṣé èmi ni kí n wá fi parọ́ fún un? Bí n kò bá sì lọ, ọmọ ìyá mi yóò kú sábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ara rẹ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́n, kò ní wọlé.

Ìwọ tí o sì ń múra láti kọ́lé, gbọ́ tèmi. Pákó yóò tẹ̀, káfíńtà yóò já ọ kulẹ̀, omi yóò kún lọ́jọ́ tí o kò fẹ́. Gbogbo ìyẹn ni a lè tú kí a sì tún kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi ayọ̀ bá ọ kọ́lé ju ìwọ fúnra rẹ lọ, lọ wo ibi tí ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí àgbà tí ó yẹ kí ó sùn níbẹ̀ bá sì kọ̀, má ṣe tẹ́ ẹní rẹ. Di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o sì bi í ní ìdí, títí yóò fi sọ ọ́.

Ẹní mi wà ní kíká lẹ́bàá ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. N kò gbé e jáde, n kò sì tú u. Títí bi mí ní àná pé kí ló dé tí mo fi ń sùn lórí ilẹ̀ lásán.